Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Alákòóso Ilé Ìkàwé ní Ìbàdàn: Ẹ Ra Ìwé Tade Thompson Pé, Kí Ẹ Sì Tò Ó Bó Ṣe Yẹ

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ̀yin alákòóso ilé ìkàwé gbogbogbòò, ti yunifásítì, ti pólì àti ti ilé ẹ̀kọ́ girama káàkiri Ìbàdàn,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìtọ́jú ìwé nínú ooru àti eruku. Ohun tó mú wa kọ̀wé sí yín kò ju ẹyọ kan lọ: a fẹ́ kí ẹ ra àwọn ìwé Tade Thompson, òǹkọ̀wé ìtàn sáyẹ́ǹsì (science fiction), kí ẹ rà wọ́n pé, kí ẹ sì tò wọ́n sórí pẹpẹ lọ́nà tí òǹkàwé á fi lè kà wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Rírà nìkan ò tó. Ìwé ọkùnrin yìí wà lára àwọn tó jẹ́ pé bí a bá tò wọ́n lódì, òǹkàwé á sá, á sì máa sọ fáwọn ẹlòmíì pé ìwé náà le. Kò le. Ọ̀nà tí èèyàn gbà wọlé sí i ló máa ń le.

Fún ẹni tí kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, London ni wọ́n bí Tade Thompson sí, ọmọ Yorùbá sì ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ó tó ọmọ ọdún méje nígbà tí ìdílé rẹ̀ kó wá sí Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1976. Ilẹ̀ wa níbí ló ti dàgbà, ibí ló ti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn àti ìmọ̀ nípa ìgbé ayé àwùjọ ẹ̀dá, kó tó wá di dókítà tó ń tọ́jú àrùn ọpọlọ. Ó padà sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1998. Iṣẹ́ dókítà yẹn kò yà kúrò lára ìwé rẹ̀ rárá. Bó ṣe ń ṣàpèjúwe ìpayà, ariwo inú orí, àti ìrántí tó kọ̀ tí kò lọ, ẹni tó ti jókòó gbọ́ ẹlòmíì dáadáa nìkan ló lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìtàn kéékèèké ló fi bẹ̀rẹ̀. Òun àti Nick Wood, ará South Africa tí òun náà ṣiṣẹ́ lórí ìlera ọkàn ẹ̀dá nígbà ayé rẹ̀, ni wọ́n jọ kọ The Last Pantheon tó wà nínú àkójọ AfroSFv2 ní 2015. Ọdún yẹn náà ni ìwé gígùn rẹ̀ àkọ́kọ́, Making Wolf, jáde lọ́wọ́ Rosarium ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe ìtàn sáyẹ́ǹsì. Ìtàn ọ̀daràn ni. Weston Kogi, ẹ̀ṣọ́ ilé ìtajà ní London, wá sìnkú àǹtí rẹ̀ ní Alcacia, orílẹ̀-èdè kan tí òǹkọ̀wé fi ọkàn ara rẹ̀ dá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Níbi òkú, ó purọ́ pé ọlọ́pàá tó ń wádìí ìpànìyàn ni òun, irọ́ ọ̀hún ló sì kó o sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀. Ìwé yìí gba ẹ̀bùn Golden Tentacle, èyí tí àwọn Kitschies, ìyẹn ẹ̀bùn ìwé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yà sọ́tọ̀ fún ìwé àkọ́kọ́ òǹkọ̀wé. Constable tún un tẹ̀ ní 2020, ẹ̀dà yẹn ló sì ṣeé rí rà jù.

Rosewater ló wá gbé orúkọ rẹ̀ dé gbogbo ayé, ọ̀nà tó sì gbà yẹ kí ẹ̀yin tí ẹ ń ra ìwé mọ̀ ọ́n. Apex, ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2016. Ní 2017, ó gba ẹ̀bùn Nommo fún ìwé gígùn tó dára jù. Ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé irú ìtàn báyìí ní Áfíríkà ló dá Nommo sílẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n sì máa fún ẹnikẹ́ni nìyẹn, ní àjọ̀dún ìwé tí wọ́n ń pè ní Aké ní Abẹ́òkúta. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Orbit, ilé ìtẹ̀wé ńlá, tún un gbé jáde. Ní 2019, ó gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní London, èyí tí wọ́n ti ń fún ìwé ìtàn sáyẹ́ǹsì tó dára jù láti 1987. Owó ẹ̀bùn náà máa ń bá ọdún dọ́gba, £2019 sì ni tirẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo bí ó ṣe tẹ̀ léra: Abẹ́òkúta ti bọlá fún ìwé yìí ní ọdún méjì kí London tó ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ilé ló kọ́kọ́ dá a mọ̀. Kò wá yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn máa gbọ́ nípa rẹ̀ láti ẹnu ará òkèèrè.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú ìwé náà, nítorí ẹni tó jókòó nídìí káńtà gbọ́dọ̀ lè sọ fún òǹkàwé ohun tó wà níbẹ̀.

Ọdún 2066 ni ìtàn náà dúró lé, Nàìjíríà ló sì ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀dá àjèjì ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Wormwood já láti ojú ọ̀run sí London ní 2012, ó rì wọlẹ̀, ó ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ títí ó fi yọrí ní orílẹ̀-èdè wa ní 2055. Ó ta ìbòrí ràgàjì kan bo ara rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ìbòrí yẹn á ṣí fún ìgbà díẹ̀, aláìsàn tó bá sì wà nítòsí á rí ìwòsàn. Àwọn èèyàn wá pàgọ́ yí i ká, àgọ́ di abà, abà di ìlú tó rí roboto bí òrùka, ìyẹn Rosewater. Iná mànàmáná ìlú náà ń wá láti ara ẹ̀dá yẹn gan-an, nípasẹ̀ òpó méjì, ọ̀kan lápá àríwá, ọ̀kan lápá gúúsù. Ará Ìbàdàn tó bá ka ibẹ̀ yẹn kò ní bèèrè ìdí tí èèyàn fi gbà láti máa gbé níbi tó ń rùn: iná wà. Ẹni tó bá sì ti rí èrò tó máa ń wọ́ lọ sí ibùdó àdúrà lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, pẹ̀lú aláìsàn lórí ẹní àti nínú kẹ̀kẹ́ arọ, kò nílò alálàyé fún alẹ́ tí ìbòrí máa ṣí.

Thompson ò sì jẹ́ kí ìyanu náà dùn tán. Àwọn kan wà tí ìwòsàn tún ara wọn ṣe lódì, egungun níbi tí kò yẹ, ẹran níbi tí kò yẹ. Àwọn òkú tó wà nítòsí náà ń jí, àmọ́ ara nìkan ló ń dìde, kò sí ọkàn nínú wọn, àwọn ológun ló sì ń padà pa wọ́n. Èyí tí ẹlòmíì ì bá fi ṣe ìdùnnú lásán, ó fi owó orí lé e.

Kaaro ló ń sọ ìtàn. Nígbà èwe rẹ̀, olè ni: ó ń ka ọkàn èèyàn, nítorí náà ó mọ ibi tí oníkálùkù fi owó àti góòlù pamọ́ sí. Ní 2066, ó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, ó sì tún ń ṣe iṣẹ́ fún S45, ẹ̀ka ìjọba kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wù ú. Ibi tí ó ti di ìtàn sáyẹ́ǹsì, tí kì í ṣe ìtàn idán, ni àlàyé tó ṣe nípa bí ọkàn kíkà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀dá àjèjì náà ti tú sẹ́ẹ̀lì tí ojú ò lè rí sínú afẹ́fẹ́ gbogbo ayé. Ìdílé olú ni wọ́n jọ. Wọ́n so mọ́ra wọn, wọ́n sì so mọ́ iṣan tó wà lára awọ èèyàn, ibẹ̀ ni èrò ń gbà wọlé sínú ọpọlọ, tó sì ń gbà jáde. Xenosphere ni wọ́n ń pe gbogbo okùn náà. Nítorí pé ohun tó jọ olú ni, ìpara tó ń pa làpálàpá, irú èyí tó wà ní kẹ́míìsì èyíkéyìí, lè dí i. Bí Kaaro bá fẹ́ kí ariwo ọkàn ẹlòmíì dákẹ́, ìpara ló máa fi pa ara. Dókítà ló kọ ọ́ lóòótọ́!

Iṣẹ́ báǹkì náà tún dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn olè kan wà tí wọ́n ń gba inú xenosphere jí ìsọfúnni àkáǹtì láti ọkàn àwọn oníbàárà. Báǹkì wá kó Kaaro àti irú rẹ̀ jọ sínú yàrá, wọ́n ní kí wọ́n máa ka ìwé àtijọ́ sókè. Bí olè bá na ọwọ́ ọkàn rẹ̀ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ inú ìwé ló máa bá pàdé, kò ní rí nọ́ńbà. Ẹ̀yin alákòóso ilé ìkàwé, ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń fi ìwé kíkà ṣọ́ owó! Bí ẹ bá máa ka abala kan sókè fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, èyí ni kí ẹ kà.

Ibi tí òǹkàwé ti máa ń kọsẹ̀ nìyí. Orí kọ̀ọ̀kan nínú Rosewater ní ibi àti ọdún lórí, ìtàn sì ń fò láti 2066 padà sí 2055, tàbí sí ìgbà tí Kaaro ṣì kéré, kó tó tún padà síwájú. Ọ̀pọ̀ wa ni kì í ka àkọlé orí ìwé. Òǹkàwé á fò ó, á bá Kaaro ní báǹkì, á tún bá a nínú igbó pẹ̀lú àwọn aṣojú ìjọba, kò ní mọ èwo ló ṣáájú, á sì pa ìwé dé kó tó ka ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀. Oògùn rẹ̀ ò wọ́n. Ẹ ya ìlà sójú ìwé A4 kan, kó di òpó mẹ́ta: ọdún, ibi, ẹni tuntun tó yọjú. Ẹ ki í sínú ẹ̀yìn ìwé, lórí ewé tí ẹ ti máa ń lu òǹtẹ̀ ọjọ́ ìdápadà. Kí òǹkàwé máa fi pẹ́ńsù kọ ọ́ bó ṣe ń lọ. Tó bá ti kọ orí márùn-ún àkọ́kọ́, kò ní nílò rẹ̀ mọ́, nítorí ojú rẹ̀ á ti mọ́ ọ̀nà tí Thompson ń gbà fò.

Nítorí àkọlé orí yìí náà, ẹ má ṣe gba ẹ̀dà fọ́tòkọ́pì tàbí ẹ̀dà ayédèrú. Yàtọ̀ sí pé olè jíjà ni, wọ́n lè gé òkè ojú ìwé jù, ibẹ̀ sì ni ọdún àti ibi wà.

Ìwé kejì, The Rosewater Insurrection (2019), yí ohùn padà. Ẹni tó ti mọ Kaaro nìkan ní olùsọ̀tàn á bá Aminat, olólùfẹ́ rẹ̀, ní iwájú, á bá Jack Jacques, olórí ìlú Rosewater tó kéde pé ìlú òun ya kúrò lára Nàìjíríà, á sì bá Alyssa, obìnrin kan tó jí láàárọ̀ tí kò dá ara rẹ̀ mọ̀. Ẹni tí kò ka ìwé kìíní kò lè mọ ìdí tí jíjí Alyssa fi bani lẹ́rù. Ìkẹta, The Rosewater Redemption, jáde ní ọdún yẹn kan náà. Oyin Da, obìnrin tó ti ń wọlé jáde bí òjìji láti ìwé kìíní, gba ọ̀rọ̀ sọ níbẹ̀. Ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìtàn kan ni. Wọ́n jọ dé ìpele ìkẹyìn fún ẹ̀bùn Hugo ti ìwé ọlọ́pọ̀ apá ní 2020. Èyí tí kò bá sí nínú wọn ti ba èyí tó wà jẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má gbára lé ìwé ẹ̀bùn láti òkè òkun nìkan. Àpótí ìwé ẹ̀bùn lè gbé apá kejì nìkan wá, á jókòó sórí pẹpẹ títí eruku á fi bò ó, ẹ ó sì rò pé àwọn èèyàn ò fẹ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ títò wá kù. Bí ẹ bá ń lo nọ́ńbà Dewey láti fi to ìwé, 823.92 ni wọ́n máa bọ́ sí, lábẹ́ Thompson. Ìṣòro wà nínú títò àkọlé ní álífábẹ́ẹ̀tì. Ti Rosewater kò léwu: bí ẹ bá fo The, Rosewater, Insurrection àti Redemption á tò bó ṣe yẹ, wọ́n kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Ọ̀wọ́ ìwé rẹ̀ míì, ti Molly Southbourne, ni ọ̀fìn. Ìwé mẹ́ta ni wọ́n: The Murders of Molly Southbourne (2017) ló ṣáájú, The Survival (2019) tẹ̀ lé e, The Legacy (2022) ló kẹ́yìn. Ní álífábẹ́ẹ̀tì, L ló ṣáájú M, M ṣáájú S. Ìwé ìkẹta ló máa wá wà lápá òsì níbi tí ọwọ́ òǹkàwé máa kọ́kọ́ dé. Ẹni tó bá fi èyíinì bẹ̀rẹ̀ ti mọ ẹni tó yè kó tó mọ ohun tó fẹ́ pa á. Ẹ kọ 1, 2, 3 gàdàgbà sí lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn ìwé, lábẹ́ nọ́ńbà Dewey, pẹ̀lú íńkì tí omi kì í fọ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún Rosewater náà. Kí ẹ sì kọ ọ́ sínú kátálọ́ọ̀gì, pé apá kelòó nínú mélòó ni.

Molly yìí, ìwé pẹlẹbẹ ni àkọ́kọ́ rẹ̀, bí ojú ìwé 120, òun ló sì gba Nommo ti ìtàn aláàbọ̀ (novella) ní 2018. Ọmọbìnrin kan ni, bí ẹ̀jẹ̀ bá dà lára rẹ̀, inú ẹ̀jẹ̀ yẹn ni ẹlòmíì tó jọ ọ́ pátápátá á ti hù, onítọ̀hún á sì fẹ́ pa á. Láti kékeré ni àwọn òbí rẹ̀ ti kọ́ ọ bí á ṣe máa nu ẹ̀jẹ̀, bí á ṣe máa sun ún, bí á ṣe máa da oògùn sí i. Ẹni tí ìwé ńlá ń dẹ́rù bà, ẹ fún un ní èyí kọ́kọ́. Ó lè kà á tán láàárín ọ̀sán kan, á sì padà wá bèèrè Rosewater fúnra rẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe ìwé ọmọdé. Ìpànìyàn wà nínú Molly, ìbálòpọ̀ àti ìwà ipá wà nínú Rosewater àti Making Wolf, kò sì fi bò. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ olùkọ́ tàbí ní apá tí àgbà ti ń yá ìwé. Bí ẹ bá fi sí àárín ìwé àwọn ọmọ JSS, òbí kan á rí i, á sì fi ìbínú bèèrè pé kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ kúrò. Òbí náà kò ní jẹ̀bi.

Far from the Light of Heaven (2021) dá dúró, kò nílò ìwé míì ṣáájú rẹ̀. Ọkọ̀ òfúrufú Ragtime gbé ẹgbẹ̀rún èèyàn tó ń sùn lọ sí ayé tuntun, Shell tó jẹ́ igbákejì ọ̀gá ọkọ̀ sì jí láti rí i pé wọ́n ti pa lára àwọn èrò. Ìwádìí ìpànìyàn ni, nínú yàrá tí ẹnikẹ́ni ò lè wọ̀ tàbí jáde. Ibùdó òfúrufú tí ìrànwọ́ ti wá, Lagos ni wọ́n ń pè é. Jackdaw (2022) yàtọ̀ sí gbogbo wọn, ó dá lé dókítà ọpọlọ kan tó fẹ́ kọ̀wé nípa Francis Bacon ayàwòrán; ẹ rà á kẹ́yìn.

Bí owó bá fẹ́ tó, ohun tí a dá lábàá ni ìwé mẹ́tàlá: Rosewater mẹ́ta, Insurrection méjì, Redemption méjì, Molly kọ̀ọ̀kan lẹ́yọ lẹ́yọ, Making Wolf kan, Far from the Light of Heaven kan, Jackdaw kan. Rosewater pọ̀ jù nítorí pé òun ni ilẹ̀kùn. Bí ẹ̀dà kan ṣoṣo bá wà, tí ẹni tó yá a kò sì dá a padà, ẹ ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀dà mẹ́rin ti Insurrection àti Redemption tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí owó ò bá tó, ẹ ra Rosewater mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi Molly àkọ́kọ́ kún un, kí ẹ jẹ́ kí ìyókù dúró. Ẹ béèrè ẹ̀dà Orbit, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jẹ́ ti ilé ìtẹ̀wé kan náà, kí ẹ sì yẹ ẹ̀yìn ojú ìwé àkọlé wò kí ẹ tó sanwó.

Ìwé elépo rírọ̀ ni wọ́n, gọ́ọ̀mù ló sì mú ewé wọn pọ̀. Nínú ooru Ìbàdàn, gọ́ọ̀mù yẹn máa ń gbẹ, á sì máa là bí wọ́n bá ń tẹ ìwé yà gbayawu. Lọ́jọ́ tó bá dé, kí ẹ tó lu òǹtẹ̀, ẹ gbé e lélẹ̀ lórí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ máa ṣí ewé díẹ̀díẹ̀ láti iwájú àti láti ẹ̀yìn, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ẹ́, títí ẹ ó fi dé àárín. Ẹ wá fi náílọ́ọ̀nù bo èpo rẹ̀. Ẹ má ṣe fi abẹ́rẹ́ ran ẹ̀gbẹ́ Rosewater: ìwé tó nípọn bíi ti ojú ìwé 400 kò ní ṣí mọ́ bí okùn bá ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ọ̀rọ̀ tó wà nítòsí àárín á sì wọlé lọ.

Ní ti àwọn tí ẹ máa tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ẹni tó bá parí Rosewater lè tẹ̀ síwájú sí Shigidi and the Brass Head of Obalufon ti Wole Talabi (2023), tàbí Binti ti Nnedi Okorafor tó gba ẹ̀bùn Hugo àti ẹ̀bùn Nebula. Ó sì yẹ kí ẹnì kan nínú yín nàka sí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà (1938), àti sí Tutùọlá tó gbé ní Ìbàdàn yìí títí ó fi kú ní 1997. Kì í ṣe pé Thompson ń kọ bíi tiwọn. Ohun tí àwọn méjèèjì ti fi yé wa ni pé ìtàn ohun tí ojú kò rí rí lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé wa, kó sì dé ibi tó bá wù ú.

A ti ṣètò ewé ọdún àti ibi fún Rosewater sílẹ̀ ní ojú ìwé A4 méjì, pẹ̀lú orúkọ àwọn èèyàn inú rẹ̀ àti ohun tí oníkálùkù ń ṣe. A kò sọ ìparí ìtàn sínú rẹ̀. Ilé ìkàwé tó bá fẹ́ ẹ, ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè tẹ iye tó bá wù yín. Tó bá sì jẹ́ pé lébẹ́ẹ̀lì ni ẹ kò ní àkókò láti kọ, ẹ kó ìwé náà sílẹ̀ fún wa ní ọjọ́ Sátidé kan, a ó wá fi ọwọ́ ara wa lẹ̀ wọ́n.

Àwa òǹkàwé ìtàn sáyẹ́ǹsì,
Ìbàdàn.